Ta Ló Ṣe É? Ọgbọ́n Tí A Fi Ń Tú Ọ̀ràn Nínú Eré Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́

 

Lálẹ́, bí iṣẹ́ oko bá ti tán, ẹ máa ń rí àwọn ọmọ wa tí wọ́n dorí kodò sórí fóònù. Àwọn kan ń gbọ́ orin. Àwọn kan ń wo bọ́ọ̀lù. Àwọn mìíràn ń ṣe eré kan tí wọ́n ti ń wá ẹni tó pa ènìyàn. Àgbàlagbà tó bá gbọ́ bẹ́ẹ̀ lè bínú. Á ní: "Irú eré wo nìyẹn?" Ẹ má tíì bínú. Ọgbọ́n wà nínú eré náà. Bí a bá mọ ọgbọ́n yìí, á wúlò fún wa nílé, lóko, àti ní gbogbo Agoua.

Ohun mẹ́ta la ó kọ́ nínú ẹ̀kọ́ yìí. Èkíní ni bí wọ́n ṣe ń ṣe eré náà. Èkejì ni ọgbọ́n márùn-ún tí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe máa ń lò. Ẹ̀kẹta ni ibi tí eré ti yàtọ̀ sí ayé. Ibẹ̀ ni ewu wà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dáadáa.

KÍ NI ERÉ Ọ̀TẸLẸ̀MÚYẸ́?

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti wádìí ọ̀ràn tó fara sin. Ó lè jẹ́ olè jíjà, ó lè jẹ́ ìpànìyàn. Òun ló ń wá ẹni tó ṣe é.

Eré irú èyí pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀kan tí òkìkí rẹ̀ kàn nínú wọn ni Criminal Case. Ilé iṣẹ́ kan ní Paris, nílẹ̀ Faransé, ló ṣe é. Orúkọ ilé iṣẹ́ náà ni Pretty Simple. Ọdún 2012 ni eré náà jáde lórí Facebook. Nígbà tó yá, ó dé orí fóònù.

Ìlú tí eré náà ti bẹ̀rẹ̀ ń jẹ́ Grimsborough. Kò sí ìlú náà láyé, wọ́n kàn dá a sílẹ̀ fún eré ni. Ẹni tó ń ṣe eré ló di ọlọ́pàá ìlú náà. Wọ́n á sọ fún un pé wọ́n ti pa ẹnì kan. Wọ́n á fi àwòrán ibi tí òkú wà hàn án. Oríṣiríṣi nǹkan ló kún inú àwòrán náà: ìgò, aṣọ, bàtà, ìwé, ọ̀bẹ. Orúkọ àwọn ohun tó yẹ kó wá á wà nísàlẹ̀. Bó bá rí ọ̀kan, á fi ìka tẹ̀ ẹ́. Bó bá yára rí wọn, á gba máàkì púpọ̀. Bí máàkì bá pọ̀ tó, á di ìràwọ̀. Ìràwọ̀ yìí ló máa ń ná láti fi ṣe ìwádìí. Á ná an kí ó lè yẹ ẹ̀rí wò. Á ná an kí ó lè bi àwọn ènìyàn ní ọ̀rọ̀.

Wọ́n tún fún un ní agbára tó níwọ̀n. Bí agbára náà bá kún, ó jẹ́ 110. Wíwo ibi ọ̀ràn kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ń gba 20. Bí agbára bá tán, ó ní láti dúró kí òmíràn tó wọlé. Nítorí náà, ẹni tó bá ń fi ìkánjú ṣe é kò ní pẹ́ jókòó tẹtẹrẹ.

Ní ìparí, orúkọ àwọn tí a fura sí á wà níwájú rẹ̀. Á yan ẹnì kan nínú wọn. Bí ó bá ṣì í yàn, eré náà kò gbà. Ó gbọ́dọ̀ tún un ṣe.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ọgbọ́n tí a fi ń ṣe é.

ỌGBỌ́N KÌÍNÍ: Ẹ FARA BALẸ̀ WO IBI TÍ Ọ̀RÀN TI ṢẸLẸ̀

Ẹni tí kò mọ eré náà ṣe á máa fi ìka tẹ ibi gbogbo. Ó rò pé bí òun bá tẹ ibi púpọ̀, òun á ṣe kòńgẹ́ ohun tí òun ń wá. Máàkì tó dára kì í gba ibẹ̀ wá.

Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe á kọ́kọ́ ka orúkọ ohun tí wọ́n ní kó wá. Á fi ojú pín àwòrán náà bí ìgbà tí èèyàn ń pín oko fún alágbàṣe. Á wo apá òsì, á wo àárín, á wo apá ọ̀tún. Bí wọ́n bá tún mú un padà wá sí ibi kan náà, á ti mọ ibi tí nǹkan kọ̀ọ̀kan wà. Ìgbà kejì á yá ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìgbà kẹta á tún yá jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́dọ̀ wa. Bí olè bá jà lóko tàbí nínú àká, kí là ń ṣe? A pariwo. Gbogbo abúlé á sáré dé. Ogún èèyàn á tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó wo ojú ẹsẹ̀. Àwọn àgbà ní, olè ló ń mọ ẹsẹ̀ olè tọ̀ lórí àpáta. Tiwa kì í ṣe àpáta, ilẹ̀ rírọ̀ ni, ojú ẹsẹ̀ hàn níbẹ̀ kedere. Àwa fúnra wa la fi ẹsẹ̀ pa á rẹ́.

Nítorí náà, bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ẹ jẹ́ kí gbogbo èèyàn dúró lókèèrè. Kí ẹni méjì péré súnmọ́ ọn. Kí wọ́n wo ilẹ̀, ilẹ̀kùn, àgádágodo, ògiri. Kí wọ́n má fọwọ́ kan nǹkan.

ỌGBỌ́N KEJÌ: Ẹ KỌ OHUN TÍ Ẹ RÍ SÍLẸ̀

Nínú eré náà, ìwé kan wà tí ń tọ́jú gbogbo ẹ̀rí. Ẹni tó ń ṣe é lè ṣí i nígbàkígbà. Lọ́dọ̀ tiwa, kò sẹ́ni tó máa bá wa kọ ọ́. Àmọ́ ẹ ti mọ̀ ọ́n kọ báyìí. Ìwé àti bírò ti tó. Ẹ kọ nǹkan wọ̀nyí:

1. Ọjọ́ wo ló ṣẹlẹ̀? Aago mélòó?
2. Ibo ló ti ṣẹlẹ̀?
3. Kí la rí níbẹ̀?
4. Ta ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀?
5. Kí ni ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ?

Ẹ ṣọ́ra fún ohun kan. Ohun tí ojú rí yàtọ̀ sí ohun tí ọkàn rò. Bí ẹ bá kọ pé, "Mo rí ojú ẹsẹ̀ màlúù lẹ́bàá àká," ẹ ti kọ ohun tí ojú rí. Bí ẹ bá kọ pé, "Fúlàní ló jí i," ohun tí ọkàn rò lẹ kọ yẹn. Màlúù lè kọjá níbẹ̀ lọ́sàn-án kí olè tó wá lóru. Ẹ pín ojú ìwé sí méjì. Kí ohun tí ojú rí wà lápá kan, kí ohun tí ọkàn rò wà lápá kejì. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n dàpọ̀.

ỌGBỌ́N KẸTA: Ẹ BI GBOGBO ÈÈYÀN, Ẹ FI Ọ̀RỌ̀ WÉRA

Nínú eré náà, ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ kò gbọdọ̀ gba ọkàn wa. Bí ẹ̀rí tuntun bá jáde, ẹ ó padà lọ bi ẹni tí ẹ ti bi tẹ́lẹ̀. Nígbà mìíràn, ẹni tó ń sunkún jù ló ń pa irọ́. Nígbà mìíràn, ẹni tó ń bínú, tí ń kígbe mọ́ ọlọ́pàá, ni ọwọ́ rẹ̀ mọ́ jù.

Àwọn baba wa mọ èyí tipẹ́. Wọ́n ní, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹ bi ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí èkejì má gbọ́ ohun tí èkíní sọ. Ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè kan náà. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìdáhùn wéra. Ibi tí ọ̀rọ̀ kò bá ti bára mu, ibẹ̀ ló yẹ ká tún wò.

Ẹ má fi ìdáhùn sí èèyàn lẹ́nu o. Ẹni tó bá béèrè pé, "Ṣé o kò rí alágbàṣe yẹn lánàá?" ti fi orúkọ alágbàṣe sí ọkàn ẹni tí ó ń bi. Ẹ kàn béèrè pé, "Ta lo rí lánàá?" Ó parí.

ỌGBỌ́N KẸRIN: Ẹ JẸ́ KÍ Ẹ̀RÍ SỌ̀RỌ̀, Ẹ NÍ SÙÚRÙ

Bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ tàbí irun nínú eré náà, ẹ ó fi ránṣẹ́ sí àwọn tí ń yẹ̀ ẹ́ wò. Èsì kì í dé lójú ẹsẹ̀. Ó lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí. Eré náà á ní kí ẹ san owó kí ó lè yá. Ẹ má san án! Owó yín ló fẹ́. Ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọ yín náà. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe á pa fóònù, á lọ sùn, á bá èsì lówùúrọ̀.

Àwọn ohun tí kò lẹ́nu máa ń sọ̀rọ̀. Ẹ gbọ́ ìtàn kan láti ilẹ̀ Ṣáínà. Ó wà nínú ìwé tí adájọ́ kan tí ń jẹ́ Song Ci kọ ní ọdún 1247. Ìwé náà ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba bí a ṣe ń wádìí ikú.

Wọ́n pa ọkùnrin kan lábúlé. Òṣìṣẹ́ ìjọba wo òkú náà. Ó rí i pé dòjé, ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń kórè, ni wọ́n fi ṣá a. Ó tún rí i pé ẹrù ọkùnrin náà kò dín. Ó ní: "Èyí kì í ṣe olè. Ẹni tó ní í sínú ló ṣe é." Ó bi ìyàwó olóògbé bóyá ọkọ rẹ̀ ní ọ̀tá. Obìnrin náà ní kò ní, àfi pé ẹnì kan wá yá owó lọ́wọ́ rẹ̀ láìpẹ́, kò sì rí i yá. Òṣìṣẹ́ náà kò tìtorí èyí sáré lọ mú ẹni náà. Ó ní kí gbogbo ará àdúgbò kó dòjé wọn wá. Wọ́n kó o dé, ó tó àádọ́rin tàbí ọgọ́rin. Ó ní kí wọ́n tẹ́ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ nínú oòrùn. Ìgbà ooru ni. Kò pẹ́ ni eṣinṣin bẹ̀rẹ̀ sí í bà lé dòjé kan ṣoṣo. Àwọn tó kù, eṣinṣin kò bà lé wọn. Wọ́n ti fọ dòjé yẹn, ojú èèyàn kò rí nǹkan kan lára rẹ̀, àmọ́ eṣinṣin gbọ́ òórùn ẹ̀jẹ̀. Ta ló ni ín? Ẹni tó wá yá owó ni. Ó jẹ́wọ́.

Ẹ rí i? Wọn ò lu ẹnikẹ́ni. Wọn ò mú ẹnikẹ́ni búra. Wọ́n fura sí ẹnì kan, lóòótọ́. Síbẹ̀ dòjé gbogbo èèyàn ni wọ́n wò.

ỌGBỌ́N KARÙN-ÚN: Ẹ YỌ ORÚKỌ KÚRÒ LỌ́KỌ̀Ọ̀KAN

Èyí ni olórí ọgbọ́n eré náà. Ẹ̀rí kọ̀ọ̀kan á sọ nǹkan kan nípa ẹni tó ṣe é. Ọ̀kan á ní: "Ọwọ́ òsì ló ń lò." Èkejì á ní: "Irun rẹ̀ dúdú." Ẹ̀kẹta á ní: "Ó máa ń mu sìgá." Ẹ ó wá wo àwọn tí a fura sí. Ẹni tí kò bá ń lo ọwọ́ òsì, ẹ yọ ọ́ kúrò. Ẹni tí irun rẹ̀ kò dúdú, ẹ yọ ọ́ kúrò. Ẹni tí gbogbo ẹ̀rí bá bá mu ló máa kù. Bí ẹ̀rí kan ṣoṣo bá bá èèyàn mu, kò tó. Gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá a mu.

Ẹ jẹ́ ká fi èyí dánra wò. Àpẹẹrẹ tí a dá sílẹ̀ fún kíláàsì ni. Ẹ má wá ẹni tí à ń bá wí.

ÀPẸẸRẸ: ÀPÒ KÁJÚ TÓ POÒRÁ

Ìgbà kájú ni. Bàbá àgbẹ̀ kan kó àpò kájú mẹ́rin sínú àká lẹ́yìn ilé. Ó fi àgádágodo tì í. Òjò rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ó dá kí èèyàn tó sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àpò mẹ́ta ló bá. Bàbá figbe ta. Kíá, ẹnì kan ní: "Darandaran tí ń da màlúù kọjá níbí lánàá ni!" Àwọn ọ̀dọ́ mú igi. Wọ́n fẹ́ lọ sí gáà.

Akọ̀wé kíláàsì mọ̀-ọ́n-kọ mọ̀-ọ́n-kà kan wà níbẹ̀. Ó ní: "Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin bàbá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wò ó." Ohun tó kọ sínú ìwé nìyí:

Ẹ̀rí kìíní: Wọn ò fọ́ àgádágodo. Kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n fi ṣí i. Kọ́kọ́rọ́ náà máa ń wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá bàbá.
Ẹ̀rí kejì: Ojú táyà alùpùpù kan hàn nínú ẹrẹ̀. Ó ti ẹnu àká lọ dé títì. Kò sí ojú ẹsẹ̀ màlúù lórí rẹ̀.
Ẹ̀rí kẹta: Ẹrẹ̀ náà rọ̀. Ẹni tó wá, lẹ́yìn òjò ló wá.

Àwọn tí wọ́n dárúkọ nìyí:

Darandaran: Kò mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà. Kò ní alùpùpù.
Alágbàṣe: Ó mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà. Bàbá jẹ ẹ́ lówó, wọ́n sì ti jà. Àmọ́ ó ti lọ sí Bantè láti ọjọ́ méjì. Ẹni mẹ́ta rí i níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà.
Àbúrò bàbá: Ó mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà. Ó ní alùpùpù. Àmọ́ alùpùpù rẹ̀ ti wà lọ́dọ̀ àwọn tí ń tún un ṣe láti ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n ti tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sílẹ̀.
Oníṣòwò tí ń ra kájú: Ó ní alùpùpù. Kò mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà.
Ọmọ bàbá, àkọ́bí: Ó mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà. Ó ní alùpùpù. Ó ní òun wọlé kí òjò tó rọ̀, òun kò sì jáde mọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Akọ̀wé lọ wo alùpùpù ọmọ náà lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹrẹ̀ tútù wà lára táyà rẹ̀.

Ẹ dákẹ́ díẹ̀. Ẹ bo ìsàlẹ̀ ìwé mọ́lẹ̀. Ta lẹ rò pé ó ṣe é?

Ó dáa. Ẹ yọ darandaran kúrò. Ẹ yọ alágbàṣe kúrò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló ń bínú jù. Ẹ yọ àbúrò kúrò. Ẹ yọ oníṣòwò kúrò. Ọmọ bàbá ló kù. Ó sọ pé òun kò jáde lẹ́yìn òjò, táyà alùpùpù rẹ̀ sọ pé ó jáde.

Ṣé olè ni ọmọ náà? Ẹ tún ní sùúrù. Wọ́n pè é sí kọ̀rọ̀. Wọ́n fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi í. Ó ní: "Ìyá mi ló rán mi. Ara ọmọ àbúrò mi gbóná lóru. Ọsibítù ń béèrè owó. Bàbá ti sùn. Mo gbé àpò kan lọ fún oníṣòwò, ó fún mi lówó. Ìyá ní kí n má sọ, òun fúnra òun á sọ fún bàbá." Wọ́n bi ìyá. Wọ́n bi oníṣòwò. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta bára mu.

Kò sí olè rárá! Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń béèrè pé, "Ta ni olè?" Ìbéèrè tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè ni: "Kí ló ṣẹlẹ̀?" Bí wọ́n bá ti lọ sí gáà pẹ̀lú igi láàárọ̀, wọn ì bá ti lu ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ẹni náà lè kú. Àwọn èèyàn rẹ̀ náà lè gbẹ̀san. Nítorí àpò kájú tí onílé fúnra rẹ̀ tà.

IBI TÍ ERÉ TI YÀTỌ̀ SÍ AYÉ

Nínú eré, ẹni tó bá ṣì í yàn á tún un ṣe. Kò sẹ́ni tó kú. Láyé, ẹni tí wọ́n bá ti lù pa kì í dìde mọ́. Eré kò lè kọ́ wa ní èyí. Àfi kí àwa fúnra wa mọ̀ ọ́n.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2001, ní Kútọnu, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé wọ́n fọwọ́ kan àwọn, nǹkan ọmọkùnrin àwọn sì poòrá. Ọ̀rọ̀ náà ràn bí iná ọyẹ́. Ẹni tí wọ́n bá ti nàka sí, àwọn èrò á dì í mú. Èèyàn márùn-ún ló kú. Wọ́n dáná sun mẹ́rin nínú wọn. Ẹ̀rí wo ló wà ńlẹ̀? Igbe lásán ni. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá sọ pé, "Ẹ mú ẹni tó ń ké yìí lọ sọ́dọ̀ dókítà, kó yẹ̀ ẹ́ wò," ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ì bá gbà.

Ẹ tún gbọ́ ti ilẹ̀ Ajẹntínà. Ní ọdún 1892, ní ìlú Necochea, wọ́n pa ọmọ kékeré méjì nínú ilé. Ìyá wọn, Francisca Rojas, ní ọgbẹ́ lọ́rùn. Ó ní aládùúgbò àwọn ló ṣe é. Ta ló máa rò pé ìyá á parọ́ lórí òkú ọmọ rẹ̀? Ọlọ́pàá mú aládùúgbò náà. Wọ́n lù ú, wọ́n fìyà jẹ ẹ́ kó lè jẹ́wọ́. Ó ní òun kọ́. Nígbà tó yá, ọlọ́pàá mìíràn tí ń jẹ́ Álvarez dé láti ìlú La Plata. Ó wo ilé náà fínnífínní. Ó rí ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ lára ilẹ̀kùn. Ojú àtàǹpàkò èèyàn hàn nínú ẹ̀jẹ̀ náà. Ó gé ibẹ̀ kúrò lára pákó. Ó tẹ ìka ìyá náà sínú yíǹkì, ó sì fi wé e. Ìka ìyá náà ni! Ìyá jẹ́wọ́ pé òun lòun pa àwọn ọmọ òun. Ọ̀gbẹ́ni Juan Vucetich ló kọ́ àwọn ọlọ́pàá ibẹ̀ ní bí a ṣe ń fi ìka dá èèyàn mọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti tẹ àtàǹpàkò sínú yíǹkì rí kí ẹ tó mọ orúkọ yín kọ, ẹ mọ àmì náà. Ìka tìrẹ kò jọ ti ẹlòmíràn. Ojú ìka ló gba aládùúgbò náà sílẹ̀. Lílù tí wọ́n lù ú kò mú òtítọ́ kankan jáde. Ẹni tí ìyà bá jẹ jù lè jẹ́wọ́ ohun tí kò ṣe, kí wọ́n lè fi í sílẹ̀.

Òwe wa kan wà tí gbogbo wa mọ̀: àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Òwe náà dùn létí. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká fi ojú ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wò ó. Ohun méjì tẹ̀ lé ara wọn, ìyẹn nìkan la mọ̀. A ò tíì bi ìyá ọmọ bóyá ara rẹ̀ ti ń gbóná láti ọjọ́ mẹ́ta. A ò tíì béèrè bóyá wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún ibà. Ibà tí ẹ̀fọn ń gbé kiri lè pa ọmọ kékeré láàárín ọjọ́ díẹ̀. Bí a bá sọ pé ìyá àgbà kan ló pa á, ìyá àgbà á jìyà, ẹ̀fọn á sì wà níbẹ̀ láti jẹ ọmọ mìíràn.

KÍ NI KÁ ṢE LÁBÚLÉ WA?

Ìwádìí wa ní ààlà. A lè wò, a lè béèrè, a lè kọ ọ́ sílẹ̀. A kò lè ti èèyàn mọ́lé. A kò lè lu èèyàn. Òfin kò gbà á.

Òfin àgbà orílẹ̀-èdè Benin, ti ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1990, sọ ọ́ ní ẹsẹ̀ 17 pé: ẹni tí a fẹ̀sùn kàn kò tíì di ọ̀daràn títí ilé ẹjọ́ á fi dá a lẹ́bi ní gbangba. Ẹsẹ̀ 18 sọ pé a kò gbọdọ̀ fìyà jẹ ẹnikẹ́ni nítorí ẹ̀sùn. Ó tún sọ pé wọn kò gbọdọ̀ ti èèyàn mọ́lé ju wákàtí 48 lọ, àfi bí adájọ́ bá pàṣẹ rẹ̀. Òfin yìí wà fún gbogbo èèyàn: fún àgbẹ̀, fún darandaran, fún àlejò, fún ìwọ àti èmi.

Bí ọ̀ràn kékeré bá ṣẹlẹ̀, ẹ mú ìwé tí ẹ kọ lọ sọ́dọ̀ olórí abúlé àti àwọn àgbà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ẹnu ìhà méjèèjì. Bí ọ̀ràn bá wúwo, tí èèyàn kú tàbí tí wọ́n fara pa, ẹ lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Láti oṣù kìíní ọdún 2018, ìjọba ti da ọlọ́pàá àti jándáàmù pọ̀ di ọ̀kan, tí wọ́n ń pè ní Police républicaine. Ẹ fún wọn ní ohun tí ẹ kọ: ọjọ́, aago, ibi, ohun tí ojú rí. Ìwé yín á ràn wọ́n lọ́wọ́ ju ariwo ọgọ́rùn-ún èèyàn lọ.

Ẹyin lohùn. Bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́, kì í ṣe é kó mọ́. Ẹni tí a bá ti pè ní olè láàárín ọjà, bí a tilẹ̀ rí i lẹ́yìn pé kì í ṣe òun, àwọn kan á ṣì máa pè é bẹ́ẹ̀ títí. Nítorí náà, kí a tó sọ pé "òun ni," ẹ jẹ́ ká wò, ká kọ, ká béèrè, ká dúró, ká yọ orúkọ kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bí àwọn ọmọ yín bá tún ń ṣe eré náà lálẹ́, ẹ jókòó tì wọ́n. Ẹ bi wọ́n pé: "Báwo lo ṣe mọ̀ pé òun ni? Ẹ̀rí mélòó lo ní?" Bí wọ́n bá lè dáhùn, ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń kọ́ yẹn.

Ọ̀RỌ̀ TÓ YẸ KÍ A MỌ̀

Ẹ̀rí: ohun tó fi hàn pé ọ̀rọ̀ jẹ́ òótọ́.
Ẹ̀sùn: ohun tí a sọ pé ẹnì kan ṣe. Ẹ̀sùn kì í ṣe ẹ̀bi.
Ìfura: ohun tí ọkàn rò kí ẹ̀rí tó dé.
Ìwádìí: wíwá òtítọ́ ọ̀ràn kan títí a ó fi rí i.

ÌBÉÈRÈ FÚN KÍLÁÀSÌ

1. Ọgbọ́n márùn-ún wo la kọ́? Ẹ kọ wọ́n sínú ìwé yín.
2. Kí ló mú kí wọ́n yọ alágbàṣe kúrò nínú ọ̀ràn àpò kájú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun àti bàbá ti jà?
3. Bí eṣinṣin bá bà lé dòjé méjì ńkọ́? Kí ni òṣìṣẹ́ ìjọba yẹn ì bá ṣe?
4. Ẹ kọ gbólóhùn mẹ́ta tó jẹ́ ohun tí ojú rí. Ẹ kọ mẹ́ta tó jẹ́ ohun tí ọkàn rò. Ẹ kà wọ́n fún ara yín.
5. Ẹ jọ sọ̀rọ̀ lórí èyí: bí ọ̀dọ́ ogún bá mú igi lábúlé wa láàárọ̀ ọ̀la, ta ló máa ní kí wọ́n dúró? Kí ló máa sọ fún wọn?